Spacer àti adapter: irin tó wà láàárín rímù àti họ́ọ̀bù

Rímù Corolla 2005 ní ihò márùn-ún. Rímù Camry ọdún yẹn náà ní ihò márùn-ún. Bí wọ́n bá tò wọ́n sílẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀, ojú lásán kì í tètè mọ ìyàtọ̀, àfi ìgbà tí ẹ bá gbé ti Camry dé ara Corolla tó kọ̀ tí kò wọlé. Ẹ fa ìlà róbótó kan gba àárín bóòtì márààrún, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti etí kan dé ìkejì: ti Corolla jẹ́ mìlímítà 100, ti Camry jẹ́ 114.3. Ihò kọ̀ọ̀kan á fi bíi mìlímítà 7 jìnnà sí bóòtì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ta rímù á ti ní, "Ẹ má dààmú, adapter wà."

Adapter ni irin róbótó kan tó nípọn, alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin ara ọkọ̀ tí bóòtì táyà wà lára rẹ̀. Ihò rẹ̀ bá bóòtì ọkọ̀ mu, òun fúnra rẹ̀ sì ní bóòtì tirẹ̀ tó bá ihò rímù tuntun mu. Spacer jẹ́ ìbátan rẹ̀, àmọ́ òun kì í yí ètò ihò padà. Ó kàn ń ti táyà síta ni, bóyá kí táyà tó fẹ̀ má baà máa ha irin inú, bóyá kí ọkọ̀ ṣáà lè yan lójú títì.

Kí a tó sọ pé ó léwu tàbí kò léwu, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń di táyà mú gan-an. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bóòtì ló ń gbé ẹrù ọkọ̀, bí èèkàn ṣe ń di ẹran mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí nọ́ọ̀tì bá le, á fa bóòtì gùn díẹ̀ bíi rọ́bà, bóòtì á sì máa fẹ́ súnkì padà. Fífà yẹn ló ń tẹ rímù mọ́ họ́ọ̀bù débi pé ọ̀kan ò lè yọ̀ lórí èkejì. Bí ó bá dẹ̀, rímù á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bóòtì á sì máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí. Ẹni tó ti fi ọwọ́ lásán gé wáyà rí mọ ibi tí ìyẹn ń parí sí.

Ìdí nìyẹn tí spacer tí wọ́n kàn ń kì bọ bóòtì fi ń bà mí lẹ́rù. Bí ó bá nípọn tó mìlímítà 10, mìlímítà 10 ló jẹ kúrò lára bóòtì. Bóòtì Toyota wọ̀nyí fẹ̀ ní mìlímítà 12, ìyípo nọ́ọ̀tì kan sì ń jẹ mìlímítà 1.5. Ó yẹ kí nọ́ọ̀tì di bóòtì mú tó bí bóòtì ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn ìyípo mẹ́jọ. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ sì máa kà á. Bí ó bá le ní ìyípo mẹ́rin, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn. Ẹ lọ ra bóòtì tó gùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì to spacer méjì léra wọn.

Àárín rímù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Họ́ọ̀bù ní ètè kékeré kan tí rímù ń jókòó lé, mìlímítà 54.1 ni ti Corolla, 60.1 ni ti Camry. Spacer tí kò ní ètè tirẹ̀ ń fi gbogbo iṣẹ́ gbígbé rímù sáàárín lé nọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ẹ lè má mọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ta á dé kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ìdarí ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ yín.

Ní ti adapter, nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló wà ní ẹsẹ̀ kan dípò márùn-ún, márùn-ún sì fara pamọ́ sẹ́yìn rímù níbi tí ojú ò tó. Bí adapter bá tún tín-ín-rín jù, orí bóòtì ọkọ̀ á yọ jáde, á sì ti rímù síta. Nọ́ọ̀tì á le lọ́wọ́, rímù ò sì ní jókòó dáadáa.

Béárìn, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù máa yí, náà ń jìyà, torí táyà ti sún síta. Ẹ gbé korobá omi mọ́ra, kí ẹ tún nawọ́ gbé e síta, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Iye tí Toyota ní kí wọ́n fi di nọ́ọ̀tì Corolla àti Camry yìí jẹ́ 103 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìyípo), sípánà tó ń ka agbára ló lè sọ ọ́. Fọkanáísà tó ń gun orí sípánà fò lè fa bóòtì kọjá ibi tó ti lè súnkì padà. Ẹ pa ìpẹtà nù kúrò lójú irin méjèèjì, ẹ má fi gíríìsì síbẹ̀, ẹ dì í ní ìkọjú-síra (bí ẹ bá di ọ̀kan, ẹ bọ́ sí èyí tó wà ní òdìkejì), kí ẹ sì tún un dì lẹ́yìn bíi kìlómítà 80.

Irin yìí kì í ṣe ìkà fúnra rẹ̀. Porsche ń ta spacer mìlímítà 5 fún ọkọ̀ tirẹ̀, ní Jámánì náà wọ́n ń gbà á láyè bí ó bá ní ìwé àṣẹ tàbí tí ayẹ̀wò ọkọ̀ bá fọwọ́ sí i. Spacer tó ní ètè, tó sì ní bóòtì gígùn, mi ò ní bá yín jà lé e lórí. Àmọ́ kí a fi adapter fipá gbé rímù Camry wọ Corolla? Rímù tó bá Corolla mu kún ọjà fọ́fọ́. Ẹ ní "five by hundred" lẹ fẹ́, á yé wọn.