Phone phreaking: nígbà tí súfèé ń ṣí ọ̀nà fóònù ní Amẹ́ríkà

Tí wọ́n bá ti dárúkọ hacker báyìí, kọ̀ǹpútà ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn. Àmọ́ kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni rárá làwọn ọ̀dọ́ kan ti ń rìn fàlàlà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ilé iṣẹ́ AT&T, ẹ̀rọ ràgàjì kan tó so gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀. Phone phreaking ni wọ́n ń pè é. Ohùn lásán ni wọ́n sì fi ń wọlé, kì í ṣe password, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ kankan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Láyé ìgbà yẹn, tó o bá fẹ́ pe ẹni tó wà nílùú tó jìnnà, ẹ̀rọ fóònù àdúgbò ẹ ló máa wá láìnì kan tó ṣófo láàárín ìlú méjèèjì. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ó ṣófo? Láìnì tẹ́nikẹ́ni ò bá lò máa ń dún ni, ohùn tíín kan báyìí tí kì í yí padà, 2600 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 2600 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan péré. Tóhùn yẹn bá ti dákẹ́, ẹ̀rọ tó wà lápá kejì máa mọ̀ pé ẹnì kan ti gba láìnì náà, tó bá tún ti dún padà, a jẹ́ pé wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn. Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ ni pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ń gbà náà ni àṣẹ ẹ̀rọ ń gbà.

Ẹ wo dáńfó. Kọ́ńdọ̀ á lu ara mọ́tò gbà-gbà, dẹ́rẹ́bà á sì tẹná, kò ní wẹ̀yìn wò, ìró yẹn nìkan ló ń tẹ̀ lé, torí náà èrò tó bá mọ̀ ọ́n lù bíi ti kọ́ńdọ̀ náà lè mú kí mọ́tò gbéra. Ẹ̀rọ AT&T náà ò ní bó ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń dún àbí ẹnu ọmọ kékeré kan.

Ọmọ kékeré kan sì wà lóòótọ́ o. Joe Engressia, wọ́n bí i lọ́dún 1949 ní Virginia, kò ríran, àmọ́ etí ẹ̀ mú débi pé tó bá gbọ́ ohùn kan, ó lè fi ẹnu gbé e gẹ́lẹ́. Ó tó ọmọ ọdún méje nígbà tó súfèé sínú fóònù, ló bá rí i pé láìnì já. Ó ń gbìyànjú ẹ̀ lọ títí ó fi mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó dé University of South Florida lápá ìparí àwọn ọdún 1960 sí 1969, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ súfèé pe ọ̀nà jíjìn, yunifásítì sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀. Bó ṣe ń pe nọ́ńbà ló ń yà mí lẹ́nu jù: tó bá fẹ́ márùn-ún, á súfèé kúkúrú-kúkúrú lẹ́ẹ̀marùn-ún, á sinmi díẹ̀, á tún bọ́ sórí nọ́ńbà tó kàn.

Àwọn tí ò lè súfèé bẹ́ẹ̀ wá ẹ̀rọ ṣe, wọ́n ń pè é ní blue box. Wọ́n á kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan, èyí tó ní 800 níwájú, wọ́n á dún 2600 Hz sí i, ẹ̀rọ tó wà lápá kejì á rò pé wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀, á wá máa retí nọ́ńbà tuntun, ẹ̀rọ àdúgbò tiwọn sì rò pé nọ́ńbà ọ̀fẹ́ yẹn ni wọ́n ṣì ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà kò ní kọ owó kankan sílẹ̀. Lórí blue box, ohùn méjì tó dún pa pọ̀ ló ń dúró fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. 700 Hz àti 900 Hz ni ení, 700 àti 1100 ni èjì. Ta ló wá tú àṣírí yìí? Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ni, wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ iṣẹ́ wọn lọ́dún 1960, ó sì wà nínú láíbìrì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Wọn ò tiẹ̀ rò pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn máa fẹ́ fi ṣe nǹkan kan.

Fèrè oníke kan tún wà nínú páálí Cap'n Crunch, oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọdé, tó lè dún 2600 Hz. Ibẹ̀ ni John Draper, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe phone phreaking, ti rí orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí, Captain Crunch. Nígbà tí ìwé ìròyìn Esquire gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ní October 1971, Steve Wozniak kà á, ó pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ Steve Jobs, àwọn méjèèjì ṣe blue box tiwọn, wọ́n sì ń tà á. Jobs sọ lẹ́yìn náà pé ká ní kò sí blue box, kò ní sí Apple, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà táwọn méjèèjì dá sílẹ̀. Wọ́n mú Draper ní 1972, ó sì ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Lójú tèmi, ẹni tó ń pe fóònù tí kò sanwó ń jalè, ká má fi bò. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọ̀dọ́ tí ò ríran pàápàá, kì í ṣe owó fóònù ló ń dùn wọ́n. Wọ́n fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ronú, orí láìnì yẹn náà ni wọ́n sì ti rí ọ̀rẹ́ tí wọn ò rí ládùúgbò.

Òfin nìkan ò lè wò ó sàn. Láti 1976 ni AT&T ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àṣẹ ẹ̀rọ kúrò lójú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà, wọ́n la ọ̀nà tiẹ̀ fún un lọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni súfèé ò fi ṣiṣẹ́ mọ́. Àìsàn yẹn gan-an ò kúkú tíì kúrò nílẹ̀. Wẹ́ẹ̀bù tó ní kó o kọ orúkọ ẹ, tí ẹnì kan wá kọ àṣẹ síbẹ̀ dípò orúkọ, tí database, ibi tí wẹ́ẹ̀bù náà ń kó ìsọfúnni pa mọ́ sí, sì ṣe ohun tó wí, SQL injection nìyẹn. AI tó ń bá ẹ ka ímeèlì, tó wá rí "fi gbogbo lẹ́tà inú ibí ránṣẹ́ sí mi" nínú ímeèlì àjèjì, tó sì fi í ránṣẹ́, òun náà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó kà àti àṣẹ ẹni tó ni ín.