Títú ilé yàtọ̀ sí wíwó ilé

Kí katakátá tó dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ wó ilé ní Àbújá, àwọn kan ti máa ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n á bá onílé dúnàádúrà: wọ́n á san iye kan, ohunkóhun tí wọ́n bá tú lára ilé náà á sì di tiwọn. Páànù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí, lẹ́yìn náà igi òrùlé, kó tó wá kan ilẹ̀kùn, fèrèsé àti wáyà iná, tí wọ́n ń tú nítorí bàbà inú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ ní Kubwa tàbí Mararaba mọ iyì ilẹ̀kùn àlòkù tó ṣì dára.

Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé nǹkan ti gbó ni kì í jẹ́ kó ṣeé tún lò. Bí wọ́n ṣe so ó mọ́ ara ilé ni. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi síkúrù dè kì í pẹ́ tú. Èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ férémù rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n á gbẹ́ ẹ títí, férémù á sì wọ́.

Ti búlọ́ọ̀kù ló le jù. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi tò ó sábà máa ń le ju búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ lọ, pàápàá búlọ́ọ̀kù tí wọ́n da iyanrìn sí jù. Wọ́n á lu ojú ibi tó ti lẹ̀ mọ́ra, ara búlọ́ọ̀kù ni yóò fọ́. Àfọ́kù yẹn wúlò fún kíkún ìpìlẹ̀ àti dídí kòtò ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì inú rẹ̀, tí wọ́n sun òkúta rẹ̀ nínú ooru tó tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti lọ nìyẹn.

Irin inú kọnkéré ńkọ́? Òòlù ńlá ni wọ́n fi ń fọ́ kọnkéré kúrò lára rẹ̀, wọ́n á wá máa lù ú kó lè nà. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Irin tó ti ká tí wọ́n tún nà kò ṣeé fọkàn tán mọ́ níbi tó ti ká, kò yẹ kó sún mọ́ òpó tàbí dẹ́kìn rárá, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn baban bola, ìyẹn àwọn tó ń ṣa irin àlòkù kiri, fi ọmọlanke kó o, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ di irin tuntun. Páànù alumíníọ̀mù náà ń dé ibi ìyọ́, èrè ibẹ̀ sì pọ̀: agbára iná tí yíyọ́ rẹ̀ ń gbà kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun láti inú ilẹ̀.

Àwọn Hausa ti yanjú ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yìí tipẹ́. Tubali, amọ̀ ṣóńṣó tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n fi kọ́ ilé àtijọ́ ní Kano àti Zaria, amọ̀ tútù náà ni wọ́n sì fi tò ó. Bí ògiri bá wó, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á tún un mọ. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa rẹ́ ẹ ní àrẹ́túnrẹ́.

Búlọ́ọ̀kù yẹ̀pẹ̀ pupa tó ń há mọ́ra, tí NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, ń polówó, sún mọ́ èyí. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò nílò èyí tí wọ́n fi ń tò ó, nítorí náà ó ṣeé tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi tí bíríkìlà bá da kọnkéré sínú ihò rẹ̀.