Ọjà Lublin ló bí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Mẹ́rin

Wọ́n máa ń sọ pé owó-orí ló bí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Mẹ́rin, àjọ tó ń ṣòfin tó sì ń dájọ́ fún àwọn Júù ilẹ̀ Pólándì láyé àtijọ́. Ní nǹkan bí 1580, nígbà Ọba Stephen Báthory, ìjọba ní kí àwọn Júù máa san iye kan ṣoṣo pa pọ̀, kí wọ́n fúnra wọn pín in láàárín ìlú dé ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn níbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èmi gbà pé ọjà ọdọọdún ìlú Lublin, ní Pólándì, ló bí i, kí Báthory tó jọba.

Ká ní oníṣòwò Kraków kan ta ìgàn aṣọ láwìn fún ará Lwów. Ọdún yí po, owó ò jáde. Rábì ìlú wo ni yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn? Bó bá jẹ́ ti Kraków, ará Lwów yóò ní wọ́n fẹ́ gbè sẹ́yìn ọmọ ìlú wọn. Ọjà ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni adájọ́ ìlú méjèèjì ti lè jókòó pọ̀. Lójú tèmi, àwọn rábì yẹn kò kọ́kọ́ tìtorí ẹjọ́ wá sí Lublin. Ńṣe ni wọ́n bá àwọn ọlọ́jà ìlú wọn wá, tí aáwọ̀ sì bá wọn níbẹ̀. Ìwé ẹjọ́ kan láti 1533 ti mẹ́nu ba àwọn rábì láti Poznań, Kraków àti Lwów tó dájọ́ ní Lublin. Ọdún 47 kí 1580 tó pé nìyẹn!

Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n ń pè é lédè Hébérù: va'ad. Gbòǹgbò kan náà ni òun àti mo'ed ti jáde, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì wa túmọ̀ sí “àjọ” nínú “àgọ́ àjọ”. Ìpàdé tó ní àkókò tirẹ̀ ni. Kí ló tún jọ ọjà ọdọọdún tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rí Nathan Hannover, rábì tó kọ ìtàn ìgbà náà, ni mo fẹ́ràn jù. Ogun tó bẹ́ ní 1648 lé e kúrò ní Volhynia, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ ní Venice ní 1653. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún làwọn olórí ń jókòó: ní ọjà Lublin, láàárín àjọ̀dún Púrímù àti Ìrékọjá, àti ní ọjà Jarosław, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn. Ó fi wọ́n wé ìgbìmọ̀ àgbà tó ń jókòó nínú Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù. Àwọn olùkọ́ ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá síbẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tó ní ọmọ láti fọ́kọ tàbí láti gbéyàwó fún náà á wá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àdéhùn ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe nínú ọjà kan. Ta ló ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba owó-orí?

Ilẹ̀ mẹ́rin náà ni Pólándì Ńlá, Pólándì Kékeré, agbègbè Lwów àti Volhynia. Lituéníà ya lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1623. Ìyókù kò gùn: ní 1764, ilé aṣòfin Pólándì tú ìgbìmọ̀ náà ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn Júù lórí kọ̀ọ̀kan, owó-orí złoty 2 (owó ilẹ̀ Pólándì) lórí ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún kan.