Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Tákàdá: Bí Ìtọ́jú Ìwé Àtijọ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ n'Ílọrin

Bàbá tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti fẹ̀yìntì. Níbi àpèjẹ ìdágbére, wọ́n ní kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo sọ nìyí.

Agbo ilé àwọn ààfáà ló ti bẹ̀rẹ̀. Kí Ààfáà Àlímì, ààfáà Fúlàní tí àwọn ọmọ rẹ̀ di ẹ́míà Ìlọrin, tó dé ni àwọn Mùsùlùmí ti wà l'Ókè Súnà, àdúgbò kan n'Ílọrin. Nígbà tó dé, Ìlọrin di ìlú ilé kéwú. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé, àfi kó jókòó dà á kọ, gègé lọ́wọ́, tàdáwà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ àwọn kan fi háráfì Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí à ń pè ní Àjàmí. Inú àpótí ni wọ́n ń kó o sí, bí baba bá sì kú, ọmọ á jogún rẹ̀. Ní 1912, Ahmad ọmọ Abu Bakr fi Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn ẹ́míà Ìlọrin.

Àkọsílẹ̀ ìjọba bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Láti 1951 ni òpìtàn Kenneth Dike ti ń ṣètò bí wọn kò ṣe ní í ṣègbé. Ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Kàdúná ni fáìlì Ẹkùn Ìlọrin bọ́ sí, nítorí ara Àríwá la jẹ́. Ó ṣì ń dùn mí pé ọmọ Òfà tó ń wá ohun tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìlú rẹ̀ ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1964, òpìtàn òyìnbó kan, John Hunwick, dá ibùdó àkọsílẹ̀ Lárúbáwá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọn á yá ìwé, wọn á ya àwòrán rẹ̀ kékeré sórí fíìmù tí wọ́n ń pè ní máíkírófíìmù, wọn á dá a padà fún onílé. Nínú ìwé ìròyìn ibùdó yẹn ni òpìtàn B. G. Martin ti gbé ìtàn 1912 yẹn jáde ní 1965. Ìlànà tí ọ̀gá wa tó fẹ̀yìntì yìí dì mú nìyẹn. Kámẹ́rà ló ń gbé lọ bá ìwé nínú agbo ilé; kì í gbé ìwé ẹlòmíì sá wá sílé.

Àwọn tákàdá yìí kì í ní nọ́ńbà, wọn kì í sì í rán an pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn ni akọ̀wé máa ń kọ sísàlẹ̀ èyí tó ṣáájú. Ohun tí ọ̀gá fi ń tò wọ́n nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn, Àlájà kan gbé àpò ọ̀rá kan wá.

“Ààfáà, ti bàbá wa ni. Ikán ti débẹ̀.”

Ọ̀gá wa tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá ìkejì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ó ku ẹyọ kan tí kò rí ìkejì. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kó o padà fún Àlájà. Àwòrán ẹyọ kan yẹn wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo ti bẹ Àlájà kí wọ́n bá mi tú ìdí àpótí wò.