Ẹ Má Fi Àwòrán Nìkan Ránṣẹ́ Síra Yín

Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ gíráfíìkì dìsáìn, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ọlọ́nà-ọlọ́nà ló kún inú rẹ̀. Ó rí i lórí Pinterest, ó dà á sí WhatsApp kíláàsì, wọ́n ní "ó ga o!", ọ̀rọ̀ parí. Pínpín ò burú. Ohun tí mo máa ń bá wọn fà ni pé àwọ̀ àti ìrísí nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á; ìdí tí oníṣẹ́ fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kì í bá a dé.

Ẹ wo àtẹ kan, ìyẹn àwòrán tó ń fi iye hàn, tí wọ́n fẹ́ràn dáadáa. Ní 1900, W.E.B. Du Bois, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Atlanta fọwọ́ ya àwọn àtẹ kan nípa ìgbésí ayé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, fún ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Paris. Ọ̀kan nínú wọn sọ ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ìpínlẹ̀ Georgia ń gbé ní 1890. Àwọn 78,139 wà ní ìlú tí èrò rẹ̀ ju 10,000 lọ. Àwọn tó wà ní ìgbèríko àti abúlé jẹ́ 734,952. Bí èèyàn bá fa ìlà méjèèjì gbọọrọ ní ìwọ̀n kan náà, ti ìgbèríko á ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ìkejì lọ, bébà ò sì ní gbà á. Wọ́n bá ká ìlà pupa ti ìgbèríko náà bí ejò tó ká jọ. Kí ẹ tó ka nọ́ńbà kankan, ẹ ti mọ ibi tí èrò pọ̀ sí.

Ó ní ohun tí wọ́n yááfì o: ojú kì í lè wọn ìlà tó ká kòrókòró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ iye sí i. Ẹni tó gba àwòrán lásán ò ní mọ èyí. Á lọ ká ìlà mẹ́rin tí ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ, òǹkàwé ò sì ní rí nǹkan kan dì mú.

Àtẹ ti Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì, tọdún 1858, lórí ikú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Crimea, tún léwu jùyẹn lọ fún ẹni tó ń fojú dà á kọ. Ègé-ègé ló tò yí ojú kan ká, oṣù kan ní ègé kan; ààyè tí ègé kọ̀ọ̀kan gbà ló dúró fún iye òkú, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Bí òkú oṣù kan bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti òmíì, gígùn ègé rẹ̀ láti àárín á kàn jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹ fà á ní ìlọ́po mẹ́rin, ààyè rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Irọ́ gbáà!

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́, ẹ kọ gbólóhùn bíi mélòó kan tẹ̀ lé e: kí ló fẹ́ ká mọ̀, kí ló dí oníṣẹ́ lọ́wọ́, kí ló yááfì. Ẹ fi orúkọ oníṣẹ́ àti ọdún sí i, torí wọ́n máa ń sọnù níbi tí àwòrán bá ti ń tọwọ́ bọ́wọ́. Èyí tó wú yín jù, ẹ fi pẹ́ńsù tún un yà, àmọ́ iye mìíràn ni kí ẹ lò. Ibi tó bá ti kọ̀ tí ò gba iye yín, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.