Pátákó ìgun-ìgbì aláfọwọ́ṣe

Pátákó ìgun-ìgbì, tí àwọn tó ń gùn ún ń pè ní sáàfùbọ́ọ̀dù, ni pátákó gbọọrọ tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ lé, tó ń fi ọwọ́ wà dé ibi tí ìgbì òkun ti ń ru, kó tó dìde dúró kí ìgbì máa gbé e bọ̀ ní èbúté. Ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lóde òní. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ṣì ń fẹ́ èyí tí oníṣẹ́ fọwọ́ gbẹ́ ní ìwọ̀n ara wọn, tó sì ya ọnà sí bí wọ́n ṣe fẹ́.

Eré yìí kì í ṣe àjèjì sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1834, James Alexander, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí wọ́n fi pátákó fúyẹ́fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń retí ìgbì. Ní Hawaii, igi koa, wiliwili àti gbẹ̀rẹ̀fútù ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Tom Blake, ará Amẹ́ríkà tó ń gun ìgbì, fi lẹbẹ sí abẹ́ tirẹ̀ ní 1935, kó má baà máa yọ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni fóòmù ti gba ipò igi.

Fóòmù tí wọ́n ti fi igi tín-ín-rín la àárín rẹ̀, kó má baà ṣẹ́, ni oníṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Á fi ayùn gé e, á fi ìfági fá a, á fi sáńpépà dán an. Iná gbọọrọ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ní ọ̀gangan ìbàdí ló ń jẹ́ kí òjìji ibi tó wú àti ibi tó jìn hàn. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ni òye iṣẹ́ náà wà: á fi ọwọ́ méjèèjì tọ etí pátákó láti imú dé ìdí, á yí i padà, á tún tọ̀ ọ́, títí ọ̀tún yóò fi bá òsì mu.

Orí fóòmù tó ti dán yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọ̀dà olómi ya ọnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ aṣọ fáíbàgíláàsì lé e, wọ́n á sì da résìn, oje olómi tó ń le gbagidi, sí i, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà tó bá wọ́ lábẹ́ rẹ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Abẹ́òkúta mọ irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ dáadáa. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kó tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró kì í mu ún. Olókun wà lára àwọn bátànì àdìrẹ tó lókìkí jù, bẹ́ẹ̀ ìlú náà kò sí létí òkun. Odò Ògùn la ìlú kọjá lọ sí ọ̀sà, ṣùgbọ́n kò ní ìgbì tó ṣeé gùn. Ẹni tó bá gbẹ́ pátákó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e dé Èkó, kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, etíkun tí wọ́n ti ń gun ìgbì, kó tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dára. Ọnà onígun mẹ́rin tó bá aṣọ mu rẹ́gí sì máa ń tẹ̀ tó bá dé etí pátákó tó yípo. Ibẹ̀ ló le jù fún ẹni tó bá fẹ́ gbé ọnà àdìrẹ lé e.

Bí résìn bá sán, omi á wọ inú fóòmù, àwọ̀ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, ayàwòrán á wá tún ìlà tó já yà kọjá lórí ibi tí wọ́n lẹ̀.