Bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tuntun we òkú ní Madagáskà

Lọ́dọ̀ àwọn Merina àti Betsileo, lórí òkè àárín gbùngbùn Madagáskà, òtútù máa ń mú òkú. Bí ìyá tó ti kú bá yọ sí ọmọ rẹ̀ lójú àlá, tó ní òtútù ń mú òun, ẹbí ti mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n fi sin ín ti gbó. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó jọ fún famadihana, ìyẹn yíyí òkú padà. Ọdún 5 sí 7 ni àwọn kan fi ń ṣe é síra. Owó máa ń jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn.

Aṣọ náà, lambamena, kò pọ́ọ́kú. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí aṣọ pupa, àmọ́ funfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ sányán á tètè mọ ojúlówó rẹ̀: kòkòrò inú igbó tó ń jẹ ewé igi tapia ló ń ta òwú rẹ̀. Oúnjẹ tún wà níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹran tó kún fún ọ̀rá. Àlejò kì í wá lọ́wọ́ òfo. Owó inú àpòòwé ni wọ́n ń mú wá.

Mpanandro, awòràwọ̀ wọn, ló ń mú ọjọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjọba náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, nítorí àrùn plague, èyí tí eégbọn ara eku ń kó ran èèyàn, ò tíì kúrò nílẹ̀ náà: ẹni tí àrùn náà bá pa kò gbọ́dọ̀ wọ ibojì tí wọ́n lè ṣí padà.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n á wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn òkúta, wọ́n á máa gbé òkú jáde lórí ẹní níkọ̀ọ̀kan. Ẹbí á tò jókòó, wọ́n á gbé e lé itan. Wọn kì í bọ́ aṣọ ògbólógbòó. Lórí ògbólógbòó náà ni wọ́n ń we tuntun lé, wọ́n á sì kọ orúkọ sí i kí òkú má bàa pààrọ̀ mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń wé e ni wọ́n ń ròyìn ilé fún un: ta ló gbéyàwó, ta ló bímọ. Wọ́n á wọ́n lọ́fíńdà àti ọtí sí i.

Ẹni tó bá fajú ro ti ṣìnà. Fèrè àti ìlù ń dún, òkú wà léjìká, wọ́n ń jó yí ibojì ká. Bí àlejò bá fẹ́ tọ́ka sí ibojì, kó ká ìka rẹ̀. Èèwọ̀ ni kó nà án gbọnrangandan.

Ẹní tí wọ́n fi gbé òkú, àwọn obìnrin á já a gbà. Ẹni tó ń wá ọmọ á fi ègé rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Kí oòrùn tó wọ̀, òkú ti padà sórí pèpéle òkúta rẹ̀, wọ́n á sì fi amọ̀ rẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn.